Fọ́háǹdì mi ń dáa ní ìdánrawò, ó ń bàjẹ́ lọ́jọ́ ìdíje: ẹ bá mi wo fídíò yìí

Ọmọ Ọ̀fà Kubwa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbá tẹníìsì ní Àbújá àti jákèjádò Òkè Ọya. Mo ti gbé fídíò méjì síbí. Ọ̀kan jẹ́ ti ìdánrawò àárọ̀ Sátidé, èkejì jẹ́ ti ìdíje tí àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe láàárín ara wa. Rákẹ́ẹ̀tì kan náà ni, pápá kan náà sì ni, ṣùgbọ́n fọ́háǹdì (gbígbá tí àtẹ́lẹwọ́ kọjú síwájú) tí ẹ máa rí nínú méjèèjì kò jọra rárá. Ní ìdánrawò, bọ́ọ̀lù ń ṣe bí mo ṣe ní kó ṣe. Lọ́jọ́ ìdíje, ó ń fò kọjá ìlà ẹ̀yìn. Bí mo bá sì ní kí n fọwọ́ rọ̀, inú nẹ́ẹ̀tì ló ń lọ. Bákháǹdì mi, èyí tí ẹ̀yìn ọwọ́ kọjú síwájú, ò ní wàhálà. Àwọn alátakò ti wá mọ̀, fọ́háǹdì ni gbogbo wọn ń kó bọ́ọ̀lù lọ bá.

Ohun kejì ni pé inú ìgbọ̀nwọ́ mi, ibi tó kọjú sí ara, ti ń ro mí láàárọ̀. Ọmọ Hausa tó máa ń bá mi gbá bọ́ọ̀lù kò ní ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu ju "ka makara, ka makara," pé mo ti pẹ́ jù. Èmi rò pé ọrùn-ọwọ́ mi ni kò lágbára. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń gbá a. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, owó kóòṣì l'Àbújá ti kọjá agbára ẹni tó ń gba owó oṣù.

Jagun Gwarinpa

Ọ̀rọ̀ ọrùn-ọwọ́ ni, o ti sọ ọ́ fúnra rẹ. Bí rákẹ́ẹ̀tì bá ti kan bọ́ọ̀lù, yí ọwọ́ lé e lórí kíá, á wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Kó o tún wá rákẹ́ẹ̀tì tó fúyẹ́ díẹ̀. Ó tán.

Olùkọ́ Àgbà Kaduna

Jagun, ìmọ̀ràn yìí ti ba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́, má bínú pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, bí ìdá mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ni bọ́ọ̀lù máa ń lò lórí okùn rákẹ́ẹ̀tì. Kí ọpọlọ tó ránṣẹ́ sí ọrùn-ọwọ́ pé "yí", bọ́ọ̀lù ti lọ tipẹ́. Yíyí tí ẹ ń rí lọ́wọ́ àwọn ọ̀jẹ̀ nínú fídíò, ẹ tún un wò dáadáa: ẹ̀yìn ìgbà tí bọ́ọ̀lù ti kúrò ni. Apá ló ń parí ìrìn rẹ̀.

Ohun tó ń mú bọ́ọ̀lù yípo kó sì já wálẹ̀ kíákíá ni pé kí rákẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀lù, kó máa gòkè bó ṣe ń lọ síwájú, kí ojú rẹ̀ sì dúró ṣánṣán nígbà tó bá kàn án. Nígbà tí Nadal, ọ̀jẹ̀ ará Spain, ṣì ń gbá a, wọ́n wọn fọ́háǹdì rẹ̀, bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń yípo ju 3,000 ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ilẹ̀ ni agbára yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ á tì í, ìbàdí á gbà á, èjìká á yí, apá á tẹ̀ lé e, ọrùn-ọwọ́ ló ń gbà á gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá sọ ẹni ìkẹyìn di aṣáájú, ìgbọ̀nwọ́ ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà, ohun tí ọmọ Hausa yẹn ń sọ ni kó o gbọ́. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi dá ẹjọ́ rẹ nítorí pé fídíò rẹ ń fọ́ lójú mi níbi tí mo fẹ́ rí gan-an.

Adé Kámẹ́rà Wuse

Bàbá, kì í ṣe ojú yín. Bí èèyàn kò bá fọwọ́ kan ètò kámẹ́rà fóònù, àwòrán 30 ló sábà máa ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bọ́ọ̀lù tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan á ti rìn tó mítà kan, ó ku díẹ̀, kí àwòrán kejì tó wáyé. Ìyẹn ni pé ibi tí rákẹ́ẹ̀tì ti pàdé bọ́ọ̀lù lè má sí nínú fídíò yẹn rárá. Ọmọ Ọ̀fà, ṣí slow motion (fídíò tó ń lọ́ra) lórí fóònù rẹ kó o sì yan 240, ìyẹn àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí ìyẹn, bọ́ọ̀lù kan náà kò ní rìn ju bíi sẹ̀ǹtímítà 12 láàárín àwòrán méjì.

Gbé fóònù kan sára wáyà ẹ̀yìn pápá, kó ga tó àyà rẹ, kó máa wo ẹ̀yìn rẹ. Bó o bá tún rí ẹlòmíì yá, gbé tiẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kó wà ní ọ̀gangan ìlà ẹ̀yìn. Má fa àwòrán súnmọ́, kí ẹsẹ̀ rẹ hàn látòkè délẹ̀. Má sì yà á lábẹ́ iná alẹ́. Iná pápá wa máa ń ṣẹ́jú nínú slow motion, ojú á kàn máa dùn wá lásán.

Ọmọ Ọ̀fà Kubwa

Mo ti tún un yà láàárọ̀ yìí, 240 bí ẹ ṣe wí. Ẹni tó ń fún mi ní bọ́ọ̀lù gbá a líle bíi ti ìdíje. Ẹ bá mi wò ó, Bàbá. Ẹ má fi ojú àánú wò ó o.

Olùkọ́ Àgbà Kaduna

Mo wò ó ní àwòrán kọ̀ọ̀kan. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí bí mo ṣe rí i.

Bọ́ọ̀lù kúrò lára rákẹ́ẹ̀tì ẹni kejì: o dúró lórí gìgísẹ̀ rẹ, orúnkún rẹ nà gbọnrangandan. Bọ́ọ̀lù kọjá lórí nẹ́ẹ̀tì: àyà rẹ ṣì kọjú sí nẹ́ẹ̀tì, rákẹ́ẹ̀tì ṣì wà níwájú ikùn rẹ. Bọ́ọ̀lù ta nílẹ̀: ìgbà yẹn ni rákẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sẹ́yìn, ó sì lọ jìnnà gan-an, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan wáyà. Nígbà tí rákẹ́ẹ̀tì fi máa padà dé, bọ́ọ̀lù ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí rẹ ọ̀tún. Wo ìgbọ̀nwọ́ rẹ níbẹ̀, ó ti fún mọ́ egungun ìhà. Ara rẹ ti fì sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló gbé gbogbo ìwúwo. Ojú rákẹ́ẹ̀tì ṣí sókè nítorí pé kò tíì rìn dé ibi tí ì bá ti dúró ṣánṣán. Ìdí tí bọ́ọ̀lù fi ń fò jáde nìyẹn. Bó o bá wá dẹwọ́, rákẹ́ẹ̀tì kò ní agbára tó máa fi gbé e kọjá nẹ́ẹ̀tì mọ́.

Mo padà lọ wo fídíò ìdánrawò rẹ. Àṣìṣe kan náà ló wà níbẹ̀! Bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ wá bá ọ ló lọ́ra, ó ń dúró dè ọ́. O ò gbá fọ́háǹdì méjì, ẹyọ kan náà ni.

Bọ́lá Ará Jos

Ẹ gbà mí láàyè kí n bi í ní ìbéèrè kan kí ẹ tó máa bá a lọ. Ọmọ Ọ̀fà, bọ́ọ̀lù wo lẹ fi ń dánra wò?

Ọmọ Ọ̀fà Kubwa

Èyí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n ti pẹ́ díẹ̀. Agolo tuntun wọ́n, ìdíje nìkan la máa ń ṣí i fún.

Bọ́lá Ará Jos

Mo ti fura. Òfin àjọ tẹníìsì àgbáyé ni pé bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 254 sórí ilẹ̀ líle, ó gbọ́dọ̀ ta padà láàárín 135 sí 147. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì. Nílé, na ọwọ́ sí ọ̀gangan orí rẹ, jù ú sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Bí kò bá ta dé ìbàdí rẹ, ó ti kú. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti ń jò láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ṣí agolo.

Òkú bọ́ọ̀lù kì í ga, kì í yára. Ó ń kọ́ ọ láti pẹ́. Tó bá wá di ọjọ́ ìdíje, wọ́n á ṣí agolo tuntun, bọ́ọ̀lù á fò dé èjìká rẹ kó o tó fa rákẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe àwọn ará Àbújá bí wọ́n bá wá gbá a lọ́dọ̀ wa níbí. Jos ga tó bíi 1,200 mítà, afẹ́fẹ́ ibí fẹ́lẹ́, bọ́ọ̀lù kì í rí ohun dá a dúró. Wọ́n á gbá wáyà títí ọ̀sán á fi pọ́n, wọ́n á ní pápá ló burú. Ẹ dá owó jọ ra agolo kan fún ìdánrawò, ẹ kó àwọn tó ti kú sọ́tọ̀ fún ìdánrawò sáàfù, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ eré.

Ọyẹ́ náà ní tiẹ̀. Láàárọ̀ kùtù, bọ́ọ̀lù tó tutù kì í ta dáadáa. Bí oòrùn bá ti mú, bọ́ọ̀lù kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Eruku orí pápá á sì mú kó máa yọ̀. Ẹ gbá ilẹ̀ pápá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin èèyàn.

Jagun Gwarinpa

Ó dáa, mo gbọ́ ti pípẹ́. Kí ló máa wá ṣe sí i? Ẹni tó ń pẹ́ kì í mọ̀ pé òun ń pẹ́.

Olùkọ́ Àgbà Kaduna

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ẹsẹ̀ ni kó kọ́kọ́ tún ṣe. Bí rákẹ́ẹ̀tì ẹni kejì bá ti fẹ́ kan bọ́ọ̀lù, kó fò díẹ̀, kí ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, orí ìka ẹsẹ̀ ni kó balẹ̀ sí. Fífò náà kò ju kí bàtà kúrò nílẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan èjìká. Kó má fi apá fa rákẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn. Kí ọwọ́ òsì wà ní ọrùn rákẹ́ẹ̀tì, kí èjìká méjèèjì jọ yí, bí ẹni tó fẹ́ gba àárín ọkọ̀ méjì kọjá nínú gosiló Nyanya. Rákẹ́ẹ̀tì á ti dé ẹ̀gbẹ́ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ ṣe ohunkóhun. Ọwọ́ òsì kò gbọdọ̀ tú sílẹ̀ kí èjìká tó yí tán, bó bá sì tú, kó nà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún níwájú àyà, kó má balẹ̀ ṣẹ́ṣẹ́. Ọwọ́ òsì tó bá rọ̀ sílẹ̀ kì í jẹ́ kí èjìká yí tán.

Kó wá ní ẹni tó máa fún un ní bọ́ọ̀lù. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ń kọjá lórí nẹ́ẹ̀tì, kó pariwo "nẹ́ẹ̀tì!" Ó gbọ́dọ̀ ti yí tán kí ọ̀rọ̀ náà tó parí lẹ́nu rẹ̀. Ojú á tì í níwájú àwọn ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù, kó fara dà á. Jagun, ohun tó máa jẹ́ kó mọ̀ pé òun ń pẹ́ nìyẹn: etí rẹ̀ á gbọ́ ohun tí ara rẹ̀ kò mọ̀.

Bó bá fẹ́ mọ ibi tó yẹ kí rákẹ́ẹ̀tì ti pàdé bọ́ọ̀lù, kó fi rákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Kí ẹnì kan máa ju bọ́ọ̀lù sí i, kó jẹ́ kó ta lẹ́ẹ̀kan, kó fi ọwọ́ ọ̀tún mú un níwájú ara rẹ̀, ní gíga ìbàdí sí àyà, apá rẹ̀ á tẹ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń mú bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí. Ibi tí ọwọ́ bá ti mú un ni kí rákẹ́ẹ̀tì ti pàdé rẹ̀.

Ṣadé Asokoro

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo fara mọ́ gbogbo èyí, àmọ́ ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ ìdìmú, bó ṣe ń di rákẹ́ẹ̀tì mú. Ọmọ Ọ̀fà, ẹ̀gbẹ́ mẹ́jọ ló wà lára ọwọ́ rákẹ́ẹ̀tì. Mú un kí etí rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó wà lókè pátápátá ni ìkínní, máa kà lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Oríkèé tó wà ní ìdí ìka ìlábẹ̀ rẹ, ẹ̀gbẹ́ kelòó ló jókòó lé?

Ọmọ Ọ̀fà Kubwa

Ẹ̀kejì, àǹtí. Tàbí àárín ẹ̀kejì àti ẹ̀kẹta.

Ṣadé Asokoro

Áà. Ìdìmú sáàfù lo fi ń gbá fọ́háǹdì. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ga tó èjìká, ojú rákẹ́ẹ̀tì á ṣí ni, kò sí ohun tí ẹsẹ̀ lè ṣe sí i. Gbé oríkèé yẹn lọ sí ẹ̀kẹrin. Á kọ́kọ́ ṣe ọ́ bákan, bọ́ọ̀lù á máa lọ sínú nẹ́ẹ̀tì, títí o fi máa kọ́ láti gbá a láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Olùkọ́ Àgbà Kaduna

Ẹ̀kẹta tó o, Ṣadé. Ẹ má yí gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Ìran tiwa tó ń hó yèè fún Nduka Odizor, ọ̀jẹ̀ ọmọ Nàìjíríà, ẹ̀kẹta ni wọ́n fi kọ́ wa, a sì gbá bọ́ọ̀lù.

Ṣadé Asokoro

Bàbá, ẹ ò purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Odizor na Guillermo Vilas, ọ̀jẹ̀ ará Argentina, ní ìpele kìíní ìdíje Wimbledon ní London lọ́dún 1983, tó sì rìn dé ìpele kẹrin, orí koríko ni. Bọ́ọ̀lù kì í ga lórí koríko. Orí sìmẹ́ǹtì gbígbóná ni Ọmọ Ọ̀fà ti ń gbá tiẹ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tuntun. Bí ẹ̀kẹta bá rọrùn fún un, kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ kó má dúró síbẹ̀.

Olùkọ́ Àgbà Kaduna

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kẹta, kó sún díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Ìbejì Jabi

Ẹ ti gbàgbé ìgbọ̀nwọ́ ọmọlọ́mọ. Iṣẹ́ físíò, ìtọ́jú iṣan àti oríkèé, ni mò ń ṣe. Èyí tí gbogbo ayé ń pè ní tennis elbow, òde ìgbọ̀nwọ́ ló máa ń wà, bákháǹdì ọlọ́wọ́ kan ló sì sábà ń dá a sílẹ̀. Tìrẹ wà nínú. Fọ́háǹdì tó pẹ́, tí ọrùn-ọwọ́ wá ń jà láti gba ẹ̀mí bọ́ọ̀lù là, ló ń fa irú rẹ̀, àti sáàfù pẹ̀lú. Àbúrò mi, okùn wo ló wà lára rákẹ́ẹ̀tì rẹ, pọ́n-ùn mélòó ni wọ́n fi fà á? Ṣé o máa ń fún un pinpin lọ́wọ́?

Ọmọ Ọ̀fà Kubwa

Polyester ni, 58. Ẹni tó bá mi fà á ní òun ni àwọn ọ̀jẹ̀ ń lò. Mo ń fún un pinpin lóòótọ́, àtẹ́lẹwọ́ mi ti le.

Ìyá Ìbejì Jabi

Àwọn ọ̀jẹ̀ ń gé tiwọn dànù kó tó kú, ìwọ ń lo ẹyọ kan títí yóò fi já. Polyester le, kì í gba ìjayà bọ́ọ̀lù mọ́ra, gbogbo rẹ̀ ló ń kó sí ìgbọ̀nwọ́. Yọ ọ́. Sọ fún wọn kí wọ́n fi okùn tó rọ̀ jù ú lọ, multifilament tàbí synthetic gut, sí i, kí wọ́n fà á ní 50 sí 52. Bọ́ọ̀lù á máa lọ jìnnà díẹ̀ sí i, ìyẹn náà á fipá mú ọ kọ́ yíyípo tí Bàbá ń wí. Má fi rákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ lọ́sàn-án Àbújá, ooru ń tú okùn. Bó o bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, dì í mú jẹ́jẹ́. Ọwọ́ á fún un fúnra rẹ̀ nígbà tó bá kan bọ́ọ̀lù. Fi overgrip tuntun, ohun tín-ín-rín tí à ń wé mọ́ ọwọ́ rákẹ́ẹ̀tì, sí i, torí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ kò lè dẹwọ́.

Fún ìrora: gbé apá lé tábìlì, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, mú ìgò omi onísẹ̀ǹtílítà 50 tó kún dání. Fi ọwọ́ òsì ran ọrùn-ọwọ́ lọ́wọ́ gòkè, kó o wá fi ọ̀tún nìkan sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ni oògùn. Sinmi sáàfù fún ìgbà díẹ̀. Bí ìka kékeré bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ orí ayélujára, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó o gbà lọ.

Ọmọ Ọ̀fà Kubwa

Ẹ ṣé gan-an ni o. Mo ti gé okùn yẹn. Mo ti ń pariwo "nẹ́ẹ̀tì" náà, àwọn ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù ti fi ṣe orúkọ fún mi: "Oga Net" ni mò ń jẹ́ báyìí. Ìgbọ̀nwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ti wá ń lọ sí òsì jù, ó ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fídíò tuntun wà nísàlẹ̀.

Adé Kámẹ́rà Wuse

Mo wò ó láti ẹ̀yìn. O ti yí kí bọ́ọ̀lù tó kọjá nẹ́ẹ̀tì, rákẹ́ẹ̀tì ti dé ẹ̀gbẹ́ kó tó ta nílẹ̀. Ó hàn kedere. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé o ti ń pàdé bọ́ọ̀lù níwájú, àmọ́ o ṣì ń sáré bí ẹni tó pẹ́. Àkókò ti wà lọ́wọ́ rẹ báyìí, lò ó.

Olùkọ́ Àgbà Kaduna

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Yí kíákíá, kó o wá dúró dè é. Tún wo èjìká òsì rẹ: o ń ṣí i kí bọ́ọ̀lù tó dé, ìyẹn ló ń fà á lọ sí òsì. Bó o bá gbá a tán, kí ojú rẹ ṣì wà níbi tí o ti gbá a. Nígbà tí Federer, ọ̀jẹ̀ ará Switzerland, ṣì ń gbá a, kì í gbé orí sókè títí bọ́ọ̀lù á fi lọ. Kí ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún parí ní gíga àgbọ̀n, kó kọjú sí ẹni kejì, kí ọwọ́ òsì gba rákẹ́ẹ̀tì lórí èjìká òsì.

Ṣadé Asokoro

Lọ́jọ́ ìdíje, má lé igun. Fi fọ́háǹdì gbá a ní ìdábùú, láti ọ̀tún rẹ lọ sí apá òsì rẹ níbi tí ẹni kejì wà. Àárín nẹ́ẹ̀tì ga ní sẹ̀ǹtímítà 91.4, ó ga tó 107 lẹ́bàá òpó. Gígùn pápá jẹ́ mítà 23.77, ṣùgbọ́n láti igun kan sí igun kejì ní ìdábùú, ó lé ní 25 fún eré ẹlẹ́ni kan. Nẹ́ẹ̀tì lọ sílẹ̀, àyè sì pọ̀ sí i. Jẹ́ kí bọ́ọ̀lù fi mítà kan ga ju nẹ́ẹ̀tì lọ. Bó bá jáde, dín gíga kù, má dín eré ọwọ́ kù. Ọwọ́ tó bá rọra kì í lè yí bọ́ọ̀lù.

Jagun Gwarinpa

Mo ti fẹ́ gbìyànjú "nẹ́ẹ̀tì" yìí fún bákháǹdì mi. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà?

Olùkọ́ Àgbà Kaduna

Ó ń ṣiṣẹ́, Jagun. Yà á ní 240 kó o gbé e wá. Ṣí àkòrí tuntun fún un, kí ti Ọmọ Ọ̀fà má lọ dàrú.

Bọ́lá Ará Jos

Mo ń bọ̀ l'Àbújá lópin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ Ọ̀fà, jẹ́ ká gbá a ní Package B, ní pápá ìṣeré Moshood Abiola, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Èmi á gbé agolo tuntun wá. Ẹni tó bá pàdánù ló máa ra èyí tó kàn.